Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lára Ògiri

Àwòrán kan wà nínú fóònù mi tí ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti fẹ́ pa á rẹ́, tí ọwọ́ mi kò gbà. Kì í ṣe àwòrán tó dára. Ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, iná gbọ̀ngàn tàn sí i lójú, orí ẹnìkan tó jókòó níwájú sì dí gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó hàn kedere níbẹ̀ kò ju ìlà kan lọ, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: ÌGBÉSẸ̀ 10,000 LÓJÚMỌ́.

Èmi ni mo ṣe síláìdì náà, ojú ewé tí a fi ẹ̀rọ tàn sára ògiri. Màmá àgbà kan tó wà níjókòó lọ́jọ́ tí mo gbé e kalẹ̀ ló yà á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó sì kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sábẹ́ rẹ̀: “Orúnkún ńkọ́?”

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ̀wé nípa ìlera àti ìtọ́jú ara. Nígbà tó yá ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pé kí n wá fẹnu sọ ohun tí mo kọ, torí pé àwọn ò ráyè jókòó kà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń sọ àpilẹ̀kọ di síláìdì. Mo ti ṣe é títí ó fi mọ́ mi lára, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ méjì yẹn ti wọlé, kò sí ìgbà tí mo ṣí PowerPoint, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe síláìdì, tí n kì í kọ́kọ́ rí orúnkún.

Ohun tó wà nínú ìwé, tí kò dé ara ògiri

Àpilẹ̀kọ tí mo yọ síláìdì yẹn nínú rẹ̀ tó 1,900 ọ̀rọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ló fi ń bá 10,000 náà jà. Mo ṣàlàyé níbẹ̀ pé nọ́ńbà yẹn kò ti ọ̀dọ̀ dókítà wá. Ní 1965, ọdún kan lẹ́yìn ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Tokyo, ilé iṣẹ́ kan ní Japan gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí èèyàn lè so mọ́ ìbàdí kó máa bá a ka ìgbésẹ̀. Wọ́n pè é ní manpo-kei, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tó ń ka ẹgbàárùn-ún ìgbésẹ̀. Nọ́ńbà tó rọrùn láti rántí ni, ó sì ta ọjà. Orúkọ ọjà ló kọ́kọ́ jẹ́, kó tó wọ aṣọ ìmọ̀ràn ìlera.

Mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní 2019, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí I-Min Lee ṣáájú wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí 16,741 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 72 ní ìpíndọ́gba. Láàárín ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀lé wọn, àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 ìgbésẹ̀ lójúmọ́ kò kú tó àwọn tó ń rin nǹkan bí 2,700. Bí ìgbésẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu ikú ń dínkù, títí tó fi dé nǹkan bí 7,500. Láti ibẹ̀ lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ sí èrè tuntun mọ́. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fi dáni lójú pé ìrìn nìkan ló gbà wọ́n là, torí ẹni tí ara rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀ náà ló ń lè rìn púpọ̀. Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé.

Nínú gbogbo èyí, 10,000 nìkan ló dé ara ògiri. Ìdí rẹ̀ ń tì mí lójú díẹ̀: òdo mẹ́rin yẹn kún ògiri dáadáa. “Nǹkan bí 7,500, fún àwọn àgbà obìnrin, nínú ìwádìí kan” kò ṣeé kọ gàdàgbà. Ète mi ni pé kí n gbé nọ́ńbà tí gbogbo èèyàn mọ̀ síwájú wọn, kí n wá fi ẹnu wó o lulẹ̀. Mo sì wó o lóòótọ́. Mo sọ ti Japan, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti ìwádìí, wọ́n mi orí. Kódà mo kọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ síláìdì náà, lẹ́tà wínníwínní: “Ẹ wo bí ara yín ṣe gbà á. Bí oríkèé bá ń dùn yín, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.”

Ibi tí mo kọ ìyẹn sí gan-an ni orí ẹni yẹn wà nínú àwòrán.

“Àwòrán tó wà lọ́wọ́ mi ò sọ ọ́”

Mo pe màmá yẹn lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ méjì wọn wọlé. A kí ara wa dáadáa, wọ́n béèrè àwọn ará ilé, èmi náà béèrè tiwọn, kí ọ̀rọ̀ tó dé orí orúnkún.

“Ọmọ mi, mo ti ń rìn ín o,” ni wọ́n wí. “Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi ò rìn ju ẹgbàajì lọ, ojú tì mí. Mo ní àbí mo ti wá di arúgbó tán ni? Mo tẹra mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti ń bá a dé ẹgbàárin. Ẹgbàárùn-ún ló wà lára ògiri, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Àfi bí orúnkún ọ̀tún yìí ṣe wú.”

Ẹgbàajì: 4,000. Èyí tó ti ojú tì wọ́n kò jìnnà sí iye tí ìwádìí ọjọ́sí bẹ̀rẹ̀ sí í rí àǹfààní níbẹ̀ rárá. Mo fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Dípò rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara mi, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé kò di dandan kó tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ẹni tí oríkèé bá ń yọ lẹ́nu…”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọn ò bínú, ìyẹn ló tilẹ̀ jẹ́ kó dùn mí jù. “Ó ṣeé ṣe kó o sọ ọ́. Etí ọ̀tún mi yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ nǹkan mọ́. Àwòrán tó wà lọ́wọ́ mi ò sọ ọ́.”

Wọ́n ti rí dókítà kí wọ́n tó kàn sí mi. Ó ní kí wọ́n sinmi, kí wọ́n wá padà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọn ò wá ẹjọ́ kankan wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n kàn fẹ́ mọ ìdí tí orúnkún kò fi sí níbẹ̀ ni. Wọ́n sì fi kún un pé àwọn ti fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ àwọn méjì.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ṣí gbogbo síláìdì tí mo ti ṣe lọ́dún yẹn, mo ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú wọn: “ṣùgbọ́n”. Mo rí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà sínú àwọn àpilẹ̀kọ tí mo yọ wọ́n nínú wọn. Ibẹ̀ ni ó kún sí bí eéṣú.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Mo fẹ́ràn òwe yìí, ó sì pẹ́ tí mo ti ń fi í ṣe àwáwí fún síláìdì tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ọmọlúàbí inú òwe yẹn ti ní àbọ̀ kejì nínú tẹ́lẹ̀. Òun àti ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ jọ mọ ohun tó wà nílẹ̀ ni, ìyẹn ni àbọ̀ ṣe ń tó o. Ẹni tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlera kò rí bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ló wá gbà. Bí a bá fún un ní ìdajì, yóò di odidi nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó bá wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò fi dí i: ìtìjú, agídí, ìfẹ́ pé kó má di arúgbó.

Ibi tí “ṣùgbọ́n” máa ń já sí

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ọ̀lẹ ni mo gbà. Mo máa ń da odindi ìpínrọ̀ kọ láti inú àpilẹ̀kọ, mo máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ síláìdì, mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí àwọn èèyàn, mo sì ń kà á fún wọn bí ẹni ń ka ìkéde. Ojú wọn ti dé ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹnu mi ṣì wà ní ìlà kejì. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ìwé kọ́bọ̀ lè jókòó tì í nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó wà ní gbọ̀ngàn kò lè sọ pé kí n padà sẹ́yìn ìlà mẹ́ta.

Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa bí a ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ti sọ èyí tipẹ́. John Sweller ní Ọsirélíà kọ ọ́ ní 1988 pé iyè ní ìwọ̀n ẹrù tó lè rù lẹ́ẹ̀kan, àti pé bí a bá di ẹrù sí i lórí bákan ṣáá, ẹ̀kọ́ kò ní ráyè wọlé. Richard Mayer ní Amẹ́ríkà dán irú rẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì rí i pé àwòrán pẹ̀lú ohùn máa ń yéni ju àwòrán pẹ̀lú ohùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n tún kọ sílẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tó ti jókòó níwájú olùkọ́ tó ń ka síláìdì mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣèwádìí.

Nítorí náà mo gba ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn ń gbà: gé e kúrú, kókó-kókó ni kó o kọ. Mo gé e. Mo gé e dé egungun. Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí báyìí ni pé ohun tó kọ́kọ́ ń bọ́ sílẹ̀ nígbà tí a bá ń gé àpilẹ̀kọ sí kókó-kókó ni àwọn ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ tó so kókó kan mọ́ èkejì: bí, torí, àyàfi, kí ó tó, ṣùgbọ́n. Wọn ò jọjú. Wọn kì í ṣe kókó. Ẹ wo gbólóhùn kan tí mo kọ nípa oorun:

“Bí oorun kò bá tètè wá, má dùbúlẹ̀ máa bá a jà, dìde, ṣe nǹkan jẹ́jẹ́ níbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀ jù, kó o tó padà sórí ibùsùn, àyàfi tó bá ti di ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀, torí nígbà náà ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìmọ̀ràn, ó ti di ti dókítà.”

Nígbà tó dé síláìdì, ó di: Dìde. Dín iná kù. Padà. Ó dùn lẹ́nu, ó bá ojú mu. Ẹni tí kò sùn fún oṣù mẹ́rin á ka “Dìde”, á sì máa dìde.

Àpẹẹrẹ tó burú jù tí mo mọ̀ kò jẹ mọ́ ìlera rárá. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2003, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Columbia gbéra lọ sí gbalasa òfuurufú, ègé fóòmù kan já, ó sì gbá apá rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ gbé ohun tí wọ́n mọ̀ sórí síláìdì fún àwọn ọ̀gá. Àkọlé síláìdì tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí jù lẹ́yìn náà fini lọ́kàn balẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá, nínú kókó tó kéré jù lábẹ́ àwọn kókó mìíràn, ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ègé tó gbá ọkọ̀ náà tó 1,920 ínṣì kúbíìkì, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe gba ààyè tó, nígbà tí èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò kò ju 3 lọ. Ìlọ́po 640. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé, ọkọ̀ náà fọ́ sójú ọ̀run bó ṣe ń padà bọ̀, àwọn méje inú rẹ̀ sì kú. Kì í ṣe síláìdì ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ wọn pé ó rọrùn láti rí bí ọ̀gá kan ṣe lè ka irú síláìdì bẹ́ẹ̀ kó má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi “ṣùgbọ́n” tiwọn náà sí.

(Ó yẹ ká rántí ibi tí irinṣẹ́ yìí ti wá. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Forethought ló gbé PowerPoint jáde ní 1987, fún kọ̀ǹpútà Macintosh, Microsoft sì rà wọ́n lọ́dún náà. Àwọn tó ń lọ fi èrò wọn han àwọn ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gba èrò òun kì í fẹ́ “ṣùgbọ́n” láàárín ọ̀rọ̀ òun. Bóyá mo ti ń di ẹ̀bi ru irinṣẹ́ báyìí.)

Ìlà tó tẹ́

Mo kọ́kọ́ ṣe ohun tí ẹ̀bi máa ń mú ni ṣe: mo da gbogbo ìkìlọ̀ padà sórí síláìdì. Ó kún bámúbámú. Mo dúró sí ẹ̀yìn yàrá, n kò lè kà á, èmi tí mo kọ ọ́. Mo ti padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó tú mi sílẹ̀ ni pé mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo mú bébà kan, mo sì gbìyànjú láti ya ohun tí ìwádìí 2019 yẹn sọ, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan. Ìlà kan ló jáde, tó ń fi èrè ìrìn hàn. Ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ lápá òsì, ó gùn òkè kíákíá bí ìgbésẹ̀ ṣe ń kúrò ní 2,700 lọ sí 4,400, ìgòkè rẹ̀ wá ń rọ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó dé nǹkan bí 7,500 ó tẹ́. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo jókòó, mo ń wò ó. Títẹ́ tó tẹ́ yẹn ni “ṣùgbọ́n” tí mo ti ń wá. Kò gba ààyè lẹ́tà kan. Ẹni tó bá ya fọ́tò rẹ̀ kò lè ya ìdajì tó ń gòkè kó fi ìdajì tó tẹ́ sílẹ̀, àfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gé e.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé mo ti ń lo àwòrán lódì. Kí orúnkún tó dé, tí mo bá ní kí n wá àwòrán fún síláìdì ìlera, ẹ ti mọ èyí tí mo máa ń mú: obìnrin kan tó jókòó sórí àpáta, tó di ojú, tó ká ẹsẹ̀ kò, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni obìnrin yẹn ń sọ? Kò sọ nǹkan kan. Ọ̀ṣọ́ ni. A sì ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá: a lè fi wákàtí méjì wá àwọ̀ tó bá obìnrin yẹn mu, ká má lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ohun tí òǹwòran máa bá lọ sílé.

Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti mọ èyí ní 1858. Ó ní ìwé ìjábọ̀ tó nípọn lórí àwọn ọmọ ogun tó kú ní ogun Crimea, ó sì mọ̀ pé àwọn tó láṣẹ kò ní kà á tán. Ó ya àwòrán kan tó rí bí òdòdó, ewé òdòdó kan fún oṣù kan. Àwọ̀ kan fún ọgbẹ́ ogun, òmíràn fún àìsàn tí ì bá má pa wọ́n ká ní ìmọ́tótó wà. Ẹni tó bá wò ó rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé àìsàn ló pa èyí tó pọ̀ jù. Ohun tó wà nínú àpilẹ̀kọ gan-an, ìyẹn bí nǹkan kan ṣe tóbi ju èkejì lọ, ni àwòrán náà gbé.

Láti ìgbà náà, mo máa ń bi ara mi léèrè kí n tó ṣí PowerPoint: gbólóhùn wo nínú àpilẹ̀kọ yìí ló ní ìbátan nínú, báwo sì ni ìbátan yẹn ṣe rí lójú? Nígbà mìíràn ìdáhùn rọrùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5. Gíráàmù kì í wọ ẹnikẹ́ni lójú. Ṣíbí kékeré kan tí iyọ̀ rẹ̀ kò kún tán ló wọ̀ wọ́n lójú, mo sì fi í síbẹ̀.

Nígbà mìíràn ó le. Ní 2015, àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde pé bí èèyàn bá ń jẹ gíráàmù 50 ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí èròjà pa lára dà lójoojúmọ́, ewu pé kó ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá yóò fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Bí mo bá kọ 18% gàdàgbà sára ògiri, ìdajì àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn á rò pé èèyàn 18 nínú 100 ni yóò ní in. Mo ya róbótó kéékèèké 100 dípò rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé èèyàn 5 nínú 100 ni ì bá ní àrùn náà ní ìgbésí ayé wọn, 18% lórí 5 mú un di nǹkan bí 6. Róbótó márùn-ún dúdú, ẹ̀kẹfà ní àwọ̀ mìíràn, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún funfun. Ọ̀rọ̀ náà ṣì lágbára. Ó kàn ti wá ní ìwọ̀n ni.

(N kò lo pupa àti àwọ̀ ewé láti fi ya ewu àti àlàáfíà sọ́tọ̀ mọ́. Láàárín àwọn ọkùnrin tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù wá, nǹkan bí ẹnìkan nínú 12 ni ojú rẹ̀ kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀ dáadáa. Dúdú àti ìyeyè ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìdá ẹnikẹ́ni sí ẹ̀gbẹ́.)

Àkọlé náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, àkọlé mi jẹ́ orúkọ nǹkan: Oorun. Ìrìn. Omi. Báyìí, gbólóhùn tó pé ni mo ń kọ, tó ní ìṣe nínú, tó sì ní àyàfi rẹ̀ nínú bí àyàfi bá wà. Michael Alley, tó ń kọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ wọn kalẹ̀, ló ti ń pariwo ọ̀nà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún: kí àkọlé sọ ohun tí a fẹ́ fi múlẹ̀, kí àwòrán ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí, kí kókó-kókó máa lọ sílé. Ó jọ pé ó rọrùn. Gbìyànjú rẹ̀ lórí àpilẹ̀kọ tó o fi ọwọ́ ara rẹ kọ, wàá rí i pé àwọn ìpínrọ̀ kan wà tí wọn ò ní gbólóhùn kankan nínú tí wàá lè fi ṣe àkọlé. Mo ti pa ìpínrọ̀ bíi mélòó kan rẹ́ nínú àpilẹ̀kọ mi gan-an nítorí ìyẹn. Síláìdì ló fi hàn mí pé wọn ò sọ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ògiri bá dúdú

Ohun kan ṣì kù tí mo rí lójú ọ̀nà. Mo ní àpilẹ̀kọ kan nípa mímí. Ó gùn, ó ṣàlàyé bí mímí jẹ́jẹ́ ṣe ń rọ ìlùkìkì ọkàn lójú, ó ṣàlàyé bí a ṣe ń fa èémí wọlé láti ikùn. Mo sọ ọ́ di síláìdì mẹ́jọ, mo fi ọfà sí i, mo fi ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣí tó ń pa dé sí i. Mo dán an wò níwájú ọ̀rẹ́ mi kan. Ó wò ó tán, ó ní, “Ó dára o. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó o fi ń sọ̀rọ̀ mímí yìí, mo ń sé èémí torí pé mo fẹ́ kà á tán kó o tó yí i.”

Mo yọ méje nínú mẹ́jọ. Bí mo bá dé ibẹ̀ báyìí, mo máa ń tẹ bọ́tìnnì B lórí kọ̀ǹpútà. PowerPoint á sọ ògiri di dúdú. A ó wá jọ mí, ìṣẹ́jú méjì gbáko, láìsí ẹnikẹ́ni tó ń wo nǹkan kan. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ẹ̀rù bà mí, mo rò pé wọn á ní iná ti lọ. Kò sí fóònù kan tó gòkè. Kò sí ohun tí wọ́n lè yà.

Ìyẹn náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: àwọn nǹkan kan wà nínú àpilẹ̀kọ ìlera tí kò yẹ kó di síláìdì rárá. Kí wọ́n ṣe é ni.

Orí ẹnìkan

Wọ́n tún pè mí padà síbi tí mo ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìrìn. Màmá wá. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan gbọ̀ngàn, níbi tí etí òsì wọn á ti kọjú sí mi, wọ́n sì gbé orúnkún ọ̀tún lé àga kékeré kan tí ẹnìkan gbé fún wọn. Nígbà tí mo dé síláìdì náà, n kò sọ̀rọ̀. Àkọlé wà lókè pátápátá: “Ìgbésẹ̀ díẹ̀ sàn ju àìrìn lọ, bí orúnkún bá ń dùn, ẹ dín in kù.” Ìlà yẹn wà lábẹ́ rẹ̀, ó gòkè, ó tẹ́. Kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀.

Àwọn fóònù gòkè. Mo dúró títí gbogbo wọn fi sọ̀ kalẹ̀, kí n tó la ẹnu.

Àwòrán náà wọlé sórí WhatsApp mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, láti ọ̀dọ̀ màmá. Wọn ò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀. Ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi ti àkọ́kọ́, iná gbọ̀ngàn tún tàn sí i lójú, orí ẹnìkan sì tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀.